Kòkòrò Wo Lẹ Ń Wí? Èrò Wa Lórí Ẹ̀wà GMO àti Àwọn Kòkòrò Tó Ń Ṣe Wá Lóore

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí lónìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan fi ohùn kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì wa pé ẹ̀wà GMO tí ìjọba fọwọ́ sí ti ń pa gbogbo oyin ilẹ̀ Hausa, pé láìpẹ́ oyin yóò tán, ìyàn yóò sì dé. Àyà wa já. A fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa kíá. Ní ọjọ́ kejì, ohùn mìíràn tún dé pé irọ́ gbáà ni, pé ẹ̀wà náà kò léwu rárá, kòkòrò búburú nìkan ló ń pa. A tún fi ìyẹn náà ránṣẹ́.

Ìyá ẹnìkan nínú wa ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó gbọ́ ohùn méjèèjì, ó sì pe ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Kòkòrò wo gan-an lẹ ń wí?"

Ọmọ náà ò rí èsì fọ̀. Ó gbé ìbéèrè náà wá sí kíláàsì, àwa náà ò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà la ti ń kàwé, tí a ń bi àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn léèrè, tí a sì ń jiyàn láàárín ara wa. Ohun tí a rí nìyí: ìbéèrè ìyá aláwẹ̀wà yẹn ni ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa bèèrè. Ẹni tó bá sọ pé "ó léwu" àti ẹni tó bá sọ pé "kò léwu", tí kò bá lè sọ kòkòrò wo, àwọn méjèèjì ò tíì sọ nǹkan kan.

Orúkọ kan fún gbogbo wọn

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, kòkòrò. Ohun tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, kòkòrò ni. Ohun tó ń jẹ eyín ọmọdé, kòkòrò ni. Èyí tó ń fa onígbáméjì, tí ojú lásán kò lè rí, kòkòrò àìfojúrí ni. Oyin tí a ń jẹ oyin rẹ̀, kòkòrò lòun náà. Bí a bá wá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀wà GMO fún èèyàn, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé wọ́n mú nǹkan lára kòkòrò, wọ́n fi sínú ẹ̀wà kó lè máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n à ń bẹ̀rù kó má lọ pa kòkòrò. Ta ni yóò gbọ́ irú àlàyé yẹn tí kò ní sá?

Kì í ṣe pé èdè wa ò lórúkọ o. Àgbẹ̀ mọ oyin yàtọ̀ sí agbọ́n. Ó mọ labalábá yàtọ̀ sí tata, ó mọ ìjàlọ yàtọ̀ sí ìkamùdù, ó sì mọ ikán yàtọ̀ sí èèrà. Orí rédíò àti nínú ìròyìn la ti kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Nígbà tí gbogbo wọn bá sì ti wà nínú àpò kan, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tó yẹ ká pa àti èyí tó yẹ ká dá sí.

Kí ni ẹ̀wà yìí gan-an?

Orúkọ ẹ̀wà náà ni SAMPEA 20-T. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn IAR tó wà ní Samaru, ní Zaria, ló ṣe é pẹ̀lú àjọ AATF àti àwọn onímọ̀ CSIRO ní Ọsirélíà. Àjọ tó ń rí sí ààbò irúgbìn báyìí lórílẹ̀-èdè wa, NBMA, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2021. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó fọwọ́ sí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni Maruca vitrata. Labalábá òru kékeré kan ni ìyá rẹ̀. Á yé ẹyin sára ẹ̀wà, ìdin tó bá pa nínú ẹyin náà á jẹ òdòdó, á gbẹ́ ihò wọ inú èèpo tútù, á sì máa jẹ ọmọ ẹ̀wà níbẹ̀. Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti le, wọ́n ní àdánù lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí rẹ̀ ni àgbẹ̀ ẹlẹ́wà fi máa ń gbé táǹkì ògùn kọ́ èjìká léraléra kí ẹ̀wà tó gbó. Àwọn tó ṣe ẹ̀wà tuntun yìí sọ pé àgbẹ̀ tó ń fín ògùn tó ìgbà mẹ́jọ lè dín in kù sí bí ìgbà méjì.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Bakitéríà kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis, tí gbogbo ayé gé kúrú sí Bt. Ní Japan ni Ishiwata Shigetane ti kọ́kọ́ rí i ní 1901, nígbà tó ń wá ohun tó ń pa ìdin tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ sílíìkì. Ní 1911, Ernst Berliner tún rí i lára labalábá tó ń ba ìyẹ̀fun jẹ́ ní agbègbè Thuringia, ní Jámánì, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí Bt kọ́kọ́ fi di mímọ̀ ni pípa kòkòrò tó wúlò fún èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè ewu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dẹ̀.

Bt ní purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Cry. Bí ìdin bá jẹ ẹ́, á yọ́ nínú ikùn rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ìfun, á sì dá ihò sí i. Ìdin náà ò ní lè jẹun mọ́, á kú. Ṣùgbọ́n ṣe ni purotéènì yìí dà bí kọ́kọ́rọ́. Ìfun tí kò bá ní àgádágodo tó bá a mu, kò lè ṣí i. Oríṣiríṣi Cry ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdílé kòkòrò tó bá mu. Cry1Ab tó wà nínú ẹ̀wà yìí, ìdílé labalábá ló bá mu. Kò rí kòkòrò dúdú kékeré inú ẹ̀wà gbígbẹ mú, èyí tí àwọn ìyá wa ń fẹ́ dànù lórí atẹ. Kò rí àwọn tó ń fa omi ara ewé àti èèpo mú pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó gbin SAMPEA 20-T kò fi tíì bọ́ lọ́wọ́ ògùn pátápátá.

Kí ló kàn wá nínú ikú kòkòrò?

Àwọn kan lára yín á ti máa sọ pé, kí ló kàn wá bí kòkòrò bá kú? Gààrí ni ìdáhùn wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò funfun kan tó rí bí ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Orí ẹ̀gẹ́ ló bà lé. Ewé ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, oko ń kú, láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, níbí n'Ìbàdàn, ní kí wọ́n padà lọ sí ilé kòkòrò náà láti wá ohun tó ń pa á níbẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí i. Agbọ́n kan ni, tí kò tó èèrà. Á yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò funfun náà, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní 1981, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó tàn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì bá wa mú ọ̀tá náà lọ́wọ́ sílẹ̀. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọn ò tíì bí nígbà náà, gààrí la sì fi dàgbà. Agbọ́n yẹn kò gba owó oṣù, kò béèrè epo bẹntiróòlù, àgbẹ̀ kò sì gbé e kọ́ èjìká. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú oko, tí a kò mọ orúkọ wọn: àwọn agbọ́n kéékèèké, aláǹtakùn, àwọn kòkòrò pupa alámì tótòtó dúdú tí ń jẹ àwọn tí ń fa omi ewé, àti oyin tí ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri. Bí a bá pa wọ́n láìmọ̀, àwa fúnra wa la ó máa ṣe iṣẹ́ wọn, owó wa la ó sì fi ṣe é.

Oró, ìpàdé, ewu

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ń ṣàlàyé fún wa, ohun kan ló dà wá láàmú. Gẹ̀ẹ́sì wọn ní ọ̀rọ̀ méjì tí àwa ń tú sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ewu". A wá wo inú èdè wa dáadáa, a sì rí i pé a ti ní ohun tí a ń wá tẹ́lẹ̀.

Paramọ́lẹ̀ ní oró. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ tó wà nínú igbó Ìdànrè kì í ṣe ewu fún ẹni tó sùn sí Ìkẹjà. Kí oró tó di ewu, ìpàdé gbọ́dọ̀ wà. Bí oró bá pọ̀ tí ìpàdé ò sí, kò sí ewu. Bí ìpàdé bá wà lójoojúmọ́ tí oró ò sí, kò sí ewu. Bí méjèèjì bá wà, ẹ sá.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tiwa wò ó. Ìdin tí wọ́n fi òwú rẹ̀ hun sányán, aṣọ àwọn bàbá wa, ìdílé labalábá ló ti wá. Kànní tí wọ́n ń jẹ ní apá Kwara náà, ìdílé yẹn ni. Ó ṣeé ṣe kí Cry1Ab ní oró fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ewé igi bí ìrà ni ìdin sányán ń jẹ, ewé igi ẹmì sì ni ti kànní. Wọn kì í jẹ ewé ẹ̀wà. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Ti oyin yàtọ̀. Oyin ń bà lórí òdòdó ẹ̀wà, ìpàdé wà. Ṣé oró wà? Ní 2008, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 25 tí wọ́n ti ṣe lórí oyin jọ, wọn kò sì rí i pé purotéènì Bt tó ń pa ìdílé labalábá tàbí èyí tó ń pa kòkòrò oníkarahun líle ṣe oyin ní jàǹbá, ìbáà ṣe ọmọ oyin tàbí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa ṣe di irọ́ lọ́wọ́ wa. Ojú ti wá.

Ṣùgbọ́n oyin tó ń gbé inú àfárá nìkan ni wọ́n dán wò. Oyin kékeré tí kì í ta ni ńkọ́? Oyin ńlá dúdú tó ń gbẹ́ ihò sínú igi àjà ńkọ́? Ìyẹn ni ìbéèrè tó bójú mu, nítorí pé ó dárúkọ.

Labalábá tó dá ìjà sílẹ̀

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1999, John Losey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo Bt, wọ́n wọ́n ọn sórí ewé tí ìdin labalábá monarch ń jẹ. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ìdin náà kú. Àwọn tí wọ́n fún ní ewé tó ní lẹ́búlẹ́bú àgbàdo lásán, ọ̀kan ò kú. Monarch jẹ́ labalábá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn gan-an, gbogbo ìlú sì gbóná.

Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de àgbàdo náà. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ìwé Losey tì. Ohun tí wọ́n ṣe ló mú orí wa wú: wọ́n lọ sí oko. Onímọ̀ láti ibi púpọ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n ka iye lẹ́búlẹ́bú tó ń bà sórí ewé gan-an, wọ́n wo àsìkò tí ìdin ń jẹun bóyá ó bá àsìkò tí àgbàdo ń tú lẹ́búlẹ́bú mu, wọ́n sì dán oríṣiríṣi àgbàdo Bt wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì wọn jáde ní 2001. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbàdo náà, lẹ́búlẹ́bú tó ń dé orí ewé kò tó ohun tí yóò ṣe ìdin níbi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà, tí wọ́n ń pè ní Bt176, tí oró inú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Èyí léwu lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò lọ́jà.

Ẹ rí i pé ẹni tó pariwo àti ẹni tó ní kí a fọkàn balẹ̀, kò sí èyí tó jàre tán. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ẹni tó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, Bt176 ì bá máa bá a lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ẹni tó ní kí wọ́n fòfin de gbogbo rẹ̀, wọ́n á da ọmọ nù pẹ̀lú omi ìwẹ̀ rẹ̀ tìdọ̀tí-tìdọ̀tí. Ìwádìí tó ń dárúkọ ló yà wọ́n.

Láti ara irú nǹkan báyìí ni ètò kan ti jáde tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé. Ó dà bí àtẹ̀gùn. Ní ìsàlẹ̀, nínú ilé ìwádìí, wọ́n á fún kòkòrò olóore ní purotéènì náà ní ìwọ̀n tó ju ti oko lọ fíìfíì, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ohunkóhun ò bá ṣe é níbẹ̀, ó ṣòro kí èyí tí kò tó ìyẹn ṣe é nínú oko. Bí nǹkan bá ṣe é, wọ́n á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, sí inú àgọ́ onínẹ́ẹ̀tì, títí dé oko gidi. A gbà pé ètò yìí dára. Ohun tó kù ni pé kòkòrò wo ni wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn náà, àti pé ta ló yàn án.

Kí la fi ń wé kí ni?

Ibì kan wà tí àwa fúnra wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. A rò pé ìbéèrè náà ni "ṣé oko Bt dáa fún kòkòrò olóore?" Ọ̀rẹ́ wa kan dá wa dúró: "Ó dáa ju kí ni?"

Ní 2007, Michelle Marvier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò oko 42 jọ, lórí òwú àti àgbàdo Bt. Nígbà tí wọ́n fi oko Bt wé oko tí wọ́n fín ògùn sí, àwọn kòkòrò tí kì í ṣe ọ̀tá pọ̀ jù ní oko Bt. Nígbà tí wọ́n fi wé oko tí wọn ò fín ohunkóhun sí, àwọn ẹ̀yà kan kéré ní oko Bt. Èsì méjì láti inú ìwé kan, òótọ́ sì ni méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ràn GMO á ka ìdajì, ẹni tó kórìíra rẹ̀ á ka ìdajì kejì, wọ́n á sì máa bú ara wọn lórí rédíò.

Oko wo ni ti àgbẹ̀ wa? Bàbá ẹnìkan nínú wa ń dá oko ẹ̀wà ní Òkè-Ògùn. A bi wọ́n léèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀wà tí èèyàn ò bá fín, ewé nìkan ló máa kórè." Ògùn tí wọ́n ń fín yẹn kì í béèrè orúkọ. Ó pa Maruca, ó pa oyin, ó pa aláǹtakùn, ó tún ń kó ikọ́ bá bàbá náà. Bí àfiwé bá jẹ́ ìyẹn, ẹ̀wà Bt rọrùn fún kòkòrò olóore. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn so mọ́ ohun kan: kí àgbẹ̀ dín ògùn kù lóòótọ́. Bí ó bá ra irúgbìn tuntun tó sì ń fín ìgbà mẹ́jọ bí ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún un, èrè kankan ò sí fún oyin.

China kọ́ wa ní apá kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n gbin òwú Bt tí wọ́n sì dín ògùn kù, ìwádìí tó jáde ní 2012 láti àríwá China fi hàn pé àwọn apẹran inú oko, bí aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò pupa alámì tótòtó, pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn ní 2010 ti fi hàn pé kòkòrò kan tí ń fa omi ewé, tí Bt kò rí mú, tí ògùn ti ń pa tẹ́lẹ̀, wá gbilẹ̀ láti inú oko òwú lọ bá èso àwọn ẹlòmíràn. Bí a bá lé ẹkùn lọ, ẹ jẹ́ ká máa wo ibi tí ìkookò gbà wọlé.

Agbọ́n tó ń jẹ Maruca

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa. IITA ní ilé iṣẹ́ kan ní Abomey-Calavi, ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn agbọ́n kéékèèké kan tí wọ́n gbà láti Asia, bíi Therophilus javanus, tí ń yé ẹyin sínú ìdin Maruca. Ohun tí agbọ́n Paraguay ṣe fún ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń retí kí èyí ṣe fún ẹ̀wà. Ẹ̀fúùfù àti agbọ́n ò sì mọ ààlà orílẹ̀-èdè.

Wàyí o, ọ̀nà méjì là ń gbà bá ọ̀tá kan jà. Bí ẹ̀wà Bt bá pa Maruca, kí ni agbọ́n Maruca yóò jẹ? Bí agbọ́n bá yé ẹyin sínú ìdin tó ti jẹ Bt díẹ̀ tí ń ṣàìsàn, ṣé ọmọ rẹ̀ máa yè?

A ti rí irú èyí rí. Ní 1998, Angelika Hilbeck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland rí i pé ọmọ Chrysoperla carnea, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ń jẹ kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀, ń kú jù nígbà tí wọ́n fún un ní ìdin tó ti jẹ àgbàdo Bt. Àwọn mìíràn tún ìdánwò ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé purotéènì náà fúnra rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìdin aláìsàn ni kò ní èròjà lára. Ebi ló pa á, kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n kòkòrò yẹn lè wá oúnjẹ mìíràn jẹ. Agbọ́n tí Maruca jẹ́ ilé rẹ̀ kò ní ilé mìíràn nínú oko ẹ̀wà.

Ìrètí kan wà. Maruca kì í gbé inú oko nìkan. Ó ń jẹ àwọn igi àti ìtàkùn inú igbó tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, nítorí náà agbọ́n lè máa rí i níbẹ̀. Ìyẹn ni pé igbó tó yí oko ká wà lára ètò ààbò, ẹni tó bá jó o tán ti jó ilé agbọ́n. Ohun tí à ń sọ ni pé bí a bá fẹ́ mọ ewu ẹ̀wà yìí fún kòkòrò olóore, agbọ́n yìí ló yẹ kó wà lókè ìwé, kó tó kan labalábá ará Amẹ́ríkà.

Ohun tí à ń bèèrè

A ò sọ pé kí wọ́n dá ẹ̀wà náà dúró. A ò sì ní sọ pé kí ẹ gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́. Ohun mẹ́rin là ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irúgbìn àti àwọn tó ń fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti ṣe èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n gbé e síta kí a rí i.

Èkíní, kí wọ́n dárúkọ. Kí ìwé ewu kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kòkòrò olóore tí wọ́n dán wò, àti ìdí tí wọ́n fi yàn án. Kí wọ́n bi àgbẹ̀ léèrè pé àwọn wo ló ń rí nínú oko rẹ̀.

Èkejì, kí wọ́n sọ àfiwé. Kí wọ́n sọ bí oko Bt ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí wọ́n fín, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí wọn ò fín. Kí wọ́n má fi ìdajì pamọ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa padà sí oko. Ilé ìwádìí kò lè fi oṣù mẹ́ta rí ohun tí oko máa fi ọdún mẹ́wàá ṣe. China ò rí tirẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè àgbẹ̀: Hausa fún ẹni tó ń sọ Hausa, Yorùbá fún ẹni tó ń sọ Yorùbá. Kí wọ́n má kàn kọ "kò léwu" sára àpò irúgbìn. Kí wọ́n kọ èyí tó ń pa, èyí tí kò pa, àti iye ìgbà tó kù láti fín.

Ìkẹrin yìí kan àwa náà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá tí à ń kọ́ ṣe. A ti rí ìdáhùn kan báyìí. Onímọ̀ kòkòrò lè ka iye agbọ́n tó kú, ṣùgbọ́n bí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya oró sọ́tọ̀ sí ewu, èsì rẹ̀ á dé ọjà Bódìjà gẹ́gẹ́ bí ariwo. Iṣẹ́ wa ló wà láàárín wọn.

A ti padà lọ bá ìyá aláwẹ̀wà náà. A sọ fún wọn pé ìdin Maruca ni ẹ̀wà yẹn ń pa, pé ìwádìí kò fi hàn pé ó ń pa oyin inú àfárá, pé kò ní pa èyí tí wọ́n ń fẹ́ lórí atẹ, àti pé agbọ́n kan wà tí à ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí yé mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá pé kí ni agbọ́n náà ń jẹ́ ní Yorùbá. A ò tíì mọ̀. Bí ẹ bá dé ilé nísinmi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà yín tó ti dáko rí: àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò inú ẹ̀wà, kí ni wọ́n ń pè wọ́n?